Orúkọ Ibùdókọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Àmì Ìtàn: Anthony ní Ojú Ọ̀nà Ìkòròdú

Ní ilẹ̀ aṣálẹ̀ Nevada, ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1960 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń ri pátákó ìtàn mọ́ etí títì, kí awakọ̀ tí ń kọjá lè mọ̀ pé ìlú awakùsà kan ti wà níbẹ̀ rí, tàbí pé ọ̀nà àtijọ́ kan gba ibẹ̀ lọ. Irú pátákó bẹ́ẹ̀ pọn dandan níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò rọ́ ìtàn fún àlejò. Ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ní Èkó, èrò kò wọ́n. Láti ìdájí títí di òru ni ẹnu kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ka orúkọ: Fádèyí, Onípanu, Palmgrove, Ọbáníkòró, Anthony, Ìdíìrókò, Maryland, Ọ̀jọ́ta. Àwọn orúkọ wọ̀nyí gan-an ni àmì ìtàn tí ó wà lójú ọ̀nà náà. Ó kù díẹ̀ káàtó pé orúkọ nìkan ni wọ́n ń sọ.

Àwọn kan nínú wọn kò nílò alálàyé. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí Ìdíìrókò jẹ́, bí kò tilẹ̀ rí igi ìrókò kankan níbẹ̀. Mile 12 náà kò ṣòro: òkúta tí a fi ń ka máìlì létí títì ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti wá, gẹ́gẹ́ bí ti Mile 2 ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Kìlómítà ti gba ipò máìlì láti àwọn ọdún 1970, síbẹ̀ nọ́ńbà náà kò kúrò lẹ́nu àwọn tí ń ná tòmátì àti iṣu lọ́jà ibẹ̀.

Orúkọ ènìyàn ni kì í lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìtàn àdúgbò so Anthony mọ́ Olóyè Anthony Enahoro, ọmọ Esan láti Uromi, tí a bí ní 1923. Oníwèé ìròyìn ni. Kò ju ẹni ọdún mọ́kànlélógún lọ nígbà tí ó di olóòtú Southern Nigerian Defender. Ní ọjọ́ 31, oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, 1953, ó gbé àbá kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọdún tí ó dá. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò ní oṣù kejì sí ìgbà náà. Àbá náà kò wọlé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀rọ̀ ìgbà tí òmìnira yóò dé kò ṣeé gbé sápá kan mọ́.

Kí ni orúkọ ọmọ Esan ń ṣe ní Kòsọ́fẹ́? Ìbéèrè yìí ló fi ìníyelórí orúkọ náà hàn. Nígbà tí a sọ Èkó di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní 1954, agbègbè Ìkẹjà, tí Anthony wà nínú rẹ̀, kò bá a lọ. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà. Ìwọ̀-Oòrùn ọ̀hún kan náà ni Ẹdó àti Esan wà títí di 1963, tí a dá Midwest sílẹ̀. Enahoro sì ṣe mínísítà nínú ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìbàdàn. Nítorí náà, àjèjì kọ́ ló fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1967, tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ni Ìkẹjà tó bá Èkó pọ̀. Àwòrán ilẹ̀ tí ó so Uromi àti Anthony pọ̀ ti pa rẹ́. Orúkọ ibùdókọ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Àṣìmú kò sì jìnnà. Láti Maryland, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Anthony, ni òpópónà Mobolaji Bank Anthony ti gba Ìkẹjà lọ. Ẹlòmíràn pátápátá ni ẹni yẹn: oníṣòwò ọmọ Èkó, ọlọ́wọ́ ìtọrẹ tí ó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí Àyìnkẹ́ fún ilé ìwòsàn Ìkẹjà, tí ó sì kú ní 1991. Èrò inú dánfó tí ó bá pa Anthony méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan kò ṣe ohun ìyanu, nítorí pátákó kò sọ èyí tí í ṣe tirẹ̀ fún un.

Ní Ọ̀jọ́ta, ère Gani Fawehinmi dúró nínú ọgbà tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí ẹgbàágbèje ènìyàn ti pé jọ ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2012 láti tako yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo. Orúkọ, ère àti ìṣẹ̀lẹ̀ jọ wà lójú kan. Anthony kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, orúkọ tí kò sì ní àkọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rọrùn láti pààrọ̀. Ní 2025, ní Bàrígà tí kò jìnnà síbẹ̀, ibùdókọ̀ Charly Boy di Baddo, orúkọ ìnagijẹ olórin Olamide; ariyànjiyàn pọ̀ lórí ẹni tí ó tọ́ sí i.

Ìlà mẹ́ta péré ti tó lára pátákó Anthony, ní Yorùbá tí a fi àmì sí dáadáa: ẹni tí Enahoro jẹ́, àbá tí ó gbé kalẹ̀ ní 1953, àti ìjọba tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà.