Ilé Eré Blues àti Àwọn Àrólé Rẹ̀

Ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn dúdú ní irú ilé eré kan tí à ń pè ní juke joint. Kì í ṣe gbọ̀ngàn ńlá. Ahéré onípákó tàbí ìsọ̀ kékeré ni ó sábà máa ń jẹ́. A máa ń ta oúnjẹ àti ọtí níbẹ̀, olórin a sì jókòó sí igun ilé láìsí pèpéle, tó bẹ́ẹ̀ tí oníjó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ìṣòro ayé ni ó bí i. Lẹ́yìn tí a fi òpin sí oko ẹrú ní 1865, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń dá oko òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n sì ń bá a pín ìkórè. Òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà, tí ìjọba àpapọ̀ fagi lé ní 1964, kò sì jẹ́ kí wọ́n wọ ilé fàájì àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n bá dá tiwọn sílẹ̀. Ní alẹ́ Sátidé, bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bá parí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jó, tí wọ́n sì ń fi orin sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn.

Ní ìlànà orin blues tí ó wọ́pọ̀ jù, olórin a kọ ìlà kìíní, a tún un kọ, ìlà kẹta a sì parí ọ̀rọ̀ náà; bí ohùn rẹ̀ bá dákẹ́, gìtá a gbè é. Ọmọ tí ó bá ń gbọ́ èyí láti kékeré ti mọ ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó di gìtá mú. Nínú ìdílé ni ọ̀pọ̀ ti ń jogún rẹ̀.

Ní Bentonia, Carey Holmes àti Mary ìyàwó rẹ̀ ṣí Blue Front Café ní 1948. Ọmọ wọn, Jimmy “Duck” Holmes, gba ilé náà ní 1970. Ó kọ́ irú gìtá tí a mọ̀ mọ́ ìlú náà lọ́dọ̀ Jack Owens tí í ṣe àgbà olórin, ó sì fi ilé òbí rẹ̀ ṣe ilé orin fún ohun tí ó ju 50 ọdún lọ. Bákan náà, ní Gravel Springs, Otha Turner a máa kó ẹbí àti ará àdúgbò jọ sí oko rẹ̀. Wọn a yan ewúrẹ́, òun a fun fèrè ọparun, àwọn ọmọ ilé a sì lùlù. Nígbà tí ó kú ní 2003, Sharde Thomas, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé 20 ọdún, ni ó gba fèrè náà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Po' Monkey's, lẹ́bàá Merigold, lókìkí títí dé òkè òkun; ṣùgbọ́n nígbà tí Willie Seaberry tí ó ni ín kú ní 2016, eré ibẹ̀ dópin. Òkìkí nìkan kò lè gbé ilé eré ró.

Èyí ni a fi mọ iyì àjọ̀dún tí a ń ṣe ní Clarksdale ní oṣù kẹrin ọdún, láti 2004. Lọ́sàn-án, tọmọdé tàgbà ń gbọ́ orin ní ìgboro. Lálẹ́, àwọn àgbà a wọ inú ilé eré lọ. Òbí tí ó mú ọmọ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ ń gbádùn ara rẹ̀, ó sì ń gbin nǹkan. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.