Táyà Mẹ́rin fún Ọkọ̀ Inú Yìnyín
Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ ó rántí pé ẹ̀yáwó kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa fẹ́ yá owó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Winnipeg, ní ilẹ̀ Kánádà, kí ó fi ra táyà mẹ́rin sí ọkọ̀ pick-up àlòkù tí ó fi ń kó ẹrù jẹun. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ bi wọ́n pé, "Ìyá, ṣé táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà ti bẹ́ ni?" Ìyá ní rárá, wọn ò tíì gbó. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ojú ti ìyá. Wọ́n wá ní kí èmi Akọ̀wé lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti wádìí o. Mo bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní iná pupa dá òun dúró ní oríta kan, òun tẹ búréèkì, ṣùgbọ́n ṣe ni ọkọ̀ ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni nínú balùwẹ̀, títí ó fi dé àárín oríta. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tí ọkọ̀ mìíràn ò fi bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì pick-up wà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣófo. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ẹsẹ̀ tó yẹ kó ti ọkọ̀ lọ ni kò ní ẹrù lórí. Ẹ̀yin awakọ̀ wa tó ń kó kòkó mọ èyí dáadáa: nígbà òjò, ọkọ̀ òfìfo a máa yí ẹsẹ̀ lójú kan nínú ẹrọ̀fọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú yìnyín.

Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń kó àpò iyanrìn sẹ́yìn ọkọ̀, nǹkan bí kílò 75 sí 100, ìyẹn bí àpò sìmẹ́ńtì kan ààbọ̀ sí méjì. Orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gan-an ni kí wọ́n gbé e sí, kì í ṣe ìdí ọkọ̀ pátápátá, nítorí ìyẹn á mú kí iwájú fúyẹ́, ọwọ́ ọkọ̀ ò sì ní gbọ́ràn mọ́. Kí wọ́n dè é dáadáa, kó má baà fò wá síwájú. Bí ọkọ̀ bá sì há, a lè bu iyanrìn ọ̀hún sábẹ́ táyà.

Ṣùgbọ́n iyanrìn nìkan ò tó. Táyà tí a ń lò nílé yìí a máa le gbagidi bí òtútù bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bí 7 lọ ní ìwọ̀n Celsius, kò sì ní di ilẹ̀ mú mọ́. Rọ́bà táyà yìnyín rọ̀, ó sì ní ojú gígé wẹ́wẹ́ tó ń di yìnyín mú. Àmì òkè onígóńgó mẹ́ta tó ní ìràwọ̀ yìnyín nínú ni a fi ń dá a mọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí wọ́n pààrọ̀, kì í ṣe méjì, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè jọ di ilẹ̀ mú. Ní ìpínlẹ̀ Québec, òfin ló sọ pé kí ọkọ̀ lo irú táyà yìí láti December 1 sí March 15. Kódà, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lè torí ìyẹn tètè dúró. Yóò tètè gbéra ni.

Ìkìlọ̀ mìíràn rèé. Kí wọ́n máa wo gééjì táyà, nítorí òtútù a máa dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù. Kí wọ́n tẹ iná pẹ̀lẹ́, kí wọ́n tẹ búréèkì pẹ̀lẹ́, kí wọ́n sì jìnnà sí ọkọ̀ iwájú. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Bí ọkọ̀ bá há tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbọ́n yìnyín kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Bó bá dí, afẹ́fẹ́ olóró á wọnú ọkọ̀, irú èyí tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa odidi ìdílé mọ́jú nílé wa níbí.

Nígbà tí mo jíṣẹ́ yìí fún ìgbìmọ̀, wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀yáwó náà, oṣù mẹ́wàá ni ìyá yóò fi san án. Bàbá tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú, n kò mọ̀ ni."

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń wakọ̀ nílẹ̀ òtútù, ẹ bi wọ́n léèrè irú táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wọn kí yìnyín tó dé. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wọn fún wa o.