Ìgbafẹ́ Ẹbí Nígbà Họ́lídè Gígùn: Láti Ungwan Romi sí Òdìkejì Odò

Ní ìlú Kaduna, họ́lídè gígùn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń lò láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹsàn-án kì í bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àárín òjò gan-an ló máa ń bọ́ sí, nítorí oṣù Kẹjọ ni òjò ń rọ̀ jù níbẹ̀, ìkùukùu kì í sì í jẹ́ kí oòrùn ráyè mú bíi ti oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin. Òtútù tó ń wọ eegun di ìgbà ọyẹ́, ìyẹn afẹ́fẹ́ gbígbẹ eléruku tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sahara láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, nígbà tí kò sí ìkùukùu tí yóò bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru bí aṣọ, tí ooru ọ̀sán sì máa ń pòórá kí ilẹ̀ tó mọ́. Súwẹ́tà ni ọyẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ òbí tó fẹ́ kó ọmọ jáde. Agboòrùn ni oṣù Kẹjọ ń béèrè.

Ungwan Romi wà ní gúúsù ìlú náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Chikun. Àdúgbò ni Hausa ń pè ní "ungwan". Odò Kaduna ló wà láàárín Ungwan Romi àti àwọn ibi ìgbafẹ́ tó lórúkọ jù, odò yìí sì ti di ààlà tó ju ti omi lọ: lẹ́yìn rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lórí òfin Ṣàríà ní ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kó wá sí gúúsù, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá, débi pé ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ungwan Romi lè dàgbà láìmọ ìdajì ìlú rẹ̀ ju ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà lọ. Ìgbafẹ́ tó bá ré afárá kọjá ló yẹ ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀, ní òpópónà Ali Akilu ní àríwá odò, ló yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ yà sí. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni àwọn ère Nok, tí àwọn ará ìgbàanì fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì fi iná sun, ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Inú ìpínlẹ̀ Kaduna ni abúlé Nok, tí àwọn ère náà ti gba orúkọ wọn, wà. Ojú àwọn ère náà ni kí òbí ní kí ọmọ wò dáadáa: ó rí bí onígun mẹ́ta, ihò tí wọ́n dá sí i láàárín ló dúró fún ọmọlójú. Ní 1943, ẹnì kan rí orí irú ère bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran, ó gbé e lọ sí oko iṣu, ó fi í lé ẹyẹ fún bí ọdún kan, kí ó tó dé ọwọ́ awalẹ̀pìtàn Bernard Fagg, tó sọ Nok di mímọ̀ fún gbogbo ayé. Kò sí ọmọ tó máa gbọ́ ìtàn yìí tí kò ní padà lọ wo àwọn orí náà lẹ́ẹ̀kejì.

Arewa House wà ní apá àríwá yìí kan náà, ilé tí Ahmadu Bello, olórí ìjọba Ẹkùn Àríwá, ń gbé kí wọ́n tó pa á níbẹ̀ ní oṣù Kìíní 1966. Ìwé ìtàn ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀ báyìí, ọmọ tó ti gbọ́njú ló sì máa gbádùn rẹ̀. Ọgbà Gamji, tó wà létí odò, ni ti àwọn kéékèèké. "Kada" ni Hausa ń pe ọ̀nì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé orúkọ Kaduna ti wá, ṣùgbọ́n omi gan-an ló yẹ kí òbí bẹ̀rù ju ọ̀nì lọ ní oṣù Kẹjọ, nítorí odò a kún, a sì máa sáré. Omi Matsirga tó ń já láti orí àpáta lẹ́bàá Kafanchan lẹ́wà gidigidi, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ jìn, ẹ̀rù àwọn ajínigbé kò sì jẹ́ kó rọrùn láti dá a lábàá fún ẹni tó ń kó ọmọ rìn.

Òwúrọ̀ ló dára kí ẹbí gbéra. Bí ìlà-oòrùn bá ṣú, tí afẹ́fẹ́ tútù bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọ̀rá kiri títì, òjò ti dé tán, àwọn obìnrin tó ń sun àgbàdo á sì máa sáré gbé àdògán wọn sábẹ́ òrùlé. Àgbàdo gbígbóná yẹn, tí wọ́n fi háhá rẹ̀ wé, ni àwọn ọmọ máa ń pín jẹ nínú bọ́ọ̀sì bí ó bá ń ré afárá kọjá padà sí gúúsù.