Pápá Mélòó Ni Ilé Rangers?

Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Rangers bá ní àlejò ní Enúgù, kò di ìgbà tí ènìyàn bá béèrè kí ó tó mọ̀. Láti Ogbete títí dé Ogui ni èrò yóò ti máa wọ́ bí omi. Ariwo tí ń ti inú pápá ìṣeré Nnamdi Azikiwe jáde a máa bá ẹni tí ó jókòó sí ilé rẹ̀. Ẹni tí kò fojú kan bọ́ọ̀lù rárá a mọ ìgbà tí wọ́n gbá a wọlé, a sì mọ ìgbà tí rẹfirí ṣe ohun tí inú ará ìlú kò dùn sí. Àwọn olólùfẹ́ Rangers kì í pe ibẹ̀ ní pápá lásán. ‘Cathedral’ ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni olú-ṣọ́ọ̀ṣì tí bíṣọ́ọ̀bù ń jókòó sí. Orúkọ náà kò ṣàì yẹ ẹ́, nítorí orin kì í dá níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kì í sì í tán. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí oníwàásù tí ó lè ní kí ìjọ yìí dákẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe Enúgù nìkan ni Rangers ti gbá eré tí a kà sí ti ilé. Wọ́n ti pe Súrùlérè ní ilé rí, wọ́n ti pe Awka ní ilé rí, wọ́n sì ti lọ sí Kàdúná àti Asaba, níbi tí a ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè ní ilé. Ẹni tí ó bá fi àwọn pápá wọ̀nyí wé ara wọn yóò rí i pé ilé tí à ń wí nínú eré bọ́ọ̀lù kì í ṣe ògiri, kì í sì í ṣe koríko. Ọ̀rọ̀ náà kan Yorùbá tí ń gbé ìlú onílùú gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ó di dandan kí òun náà wá ibi tí yóò jókòó sí.

Kí a tó lè mọ ìdí ariwo Enúgù, ó yẹ kí a rántí ọdún tí wọ́n dá Rangers sílẹ̀. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Inú ọdún náà gan-an ni ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Enúgù ni olú-ìlú Biafra nígbà tí ogun kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1967. Nígbà tí àwọn tí ó sá kúrò padà dé, ọ̀pọ̀ kò bá ilé, ọ̀pọ̀ kò bá iṣẹ́. Iye yòówù tí ènìyàn ti fi sí báńkì, ogún pọ́n-ùn péré ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù jẹ́ ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tí wọ́n lè fi gbé orí sókè láìsí ẹni tí yóò bi wọ́n pé kí ló dé. Ní 1971, Rangers ti dé àṣekágbá ìdíje Challenge Cup. WNDC ti Ìbàdàn, èyí tí a wá mọ̀ sí IICC Shooting Stars lẹ́yìn náà, ni ó borí wọn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi gba ife líìgì ní 1974 àti 1975, tí wọ́n sì gba Challenge Cup ní 1974, 1975 àti 1976 léraléra. Ẹni tí ó ń pariwo ní Enúgù nígbà náà kò pariwo nítorí bọ́ọ̀lù nìkan.

Pápá náà kò tilẹ̀ tóbi. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún (22,000) ènìyàn ni a ní ó gbà. Pápá ti orílẹ̀-èdè ní Súrùlérè, tí a ṣí ní 1972 fún ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti 1973, gba ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ariwo kò mọ ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jùsáwọ̀n bí ẹni fẹ́ràn oúnjẹ, gbọ̀ngàn Cameron ti yunifásítì Duke, tí wọ́n ti ń lò láti 1940, gba ènìyàn 9,314 péré. Yunifásítì North Carolina tí kò jìnnà sí wọn kọ́ tirẹ̀ ní 1986, ó sì gba ju 20,000 lọ. Gbọ̀ngàn kékeré náà ni àwọn àlejò ń bẹ̀rù jù, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ibi eré gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró sí, tí mímí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan agbábọ́ọ̀lù lọ́rùn. Bí ilé bá kéré tí àwọn tí ó kún inú rẹ̀ sì jẹ́ elérò kan, ohùn wọn a di ẹyọ kan. Bí ó bá gbòòrò tí oríṣiríṣi ènìyàn sì wọ inú rẹ̀, ariwo pọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò lójú kan tí ó kọ sí.

Ní 1975, Rangers dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife líìgì ní Áfíríkà. Hafia ti ilẹ̀ Gíní borí wọn 1-0 ní Conakry. Súrùlérè ni wọ́n ti wá gbá ìkejì, tí a kà sí ti ilé fún Rangers. Èrò wà níbẹ̀, èrò Èkó sì ni: Ìgbò, Yorùbá, Edó, Hausa, ẹni tí ó wá tọkàntọkàn àti ẹni tí ó kàn wá wo eré. Hafia tún borí, 2-1. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ì bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó má rí bẹ́ẹ̀ bí ó bá ṣe pé Enúgù ni. Hafia lágbára nígbà náà, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n gba ife yẹn láàárín 1972 sí 1977. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Ìbàdàn pẹ̀lú. Ní àṣekágbá 1984, Shooting Stars gba àlejò Zamalek ti Íjíbítì ní Èkó, Zamalek sì gbá wọn 1-0. Nígbà tí àwọn méjèèjì tún pàdé ní àṣekágbá 1996, Ìbàdàn ni wọ́n ti gba àlejò náà, wọ́n sì borí 2-1, kí pẹnáritì tó gba ife lọ́wọ́ wọn ní Kairo. Ẹ̀rí méjì kò tó láti fi dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ènìyàn ronú.

Àwọn onímọ̀ náà ti ronú sí i. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí Jámánì ní kí wọ́n máa gbá líìgì láìsí òǹwòran, àwọn onílé kò borí mọ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé káàdì tí rẹfirí ń fún àlejò dín kù. Èyí fi hàn pé kì í ṣe etí agbábọ́ọ̀lù nìkan ni ariwo ń wọ̀. Ó ń wọ etí ẹni tí ó mú fèrè lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ní Enúgù pàápàá, ariwo ní ìhà tí kò dára. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, eré Rangers pẹ̀lú Enyimba ti Aba kò parí, lẹ́yìn tí rẹfirí fún onílé ní pẹnáritì nígbà tí àkókò ti tán lọ tí àlejò sì yarí. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, wọ́n ń sọ èdè kan náà. Bí ó bá rí báyìí láàárín ọmọ ìyá, kí ni kí a retí láàárín àjèjì?

Ìbéèrè yẹn ni ó wà lọ́kàn àwọn aláṣẹ ní 1977. Shooting Stars ni ó gba ife Cup Winners’ Cup ti Áfíríkà ní 1976, wọ́n sì fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá ni wọ́n bá Rangers pàdé. Ọdún méje péré ni ogun ti parí, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ pé nínú ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ òǹwòran, kì í ṣe Ìbàdàn àti Enúgù ni yóò pàdé bí kò ṣe Yorùbá àti Ìgbò. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbá a ní Ìbàdàn, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n gbá a ní Enúgù. Èkó ni wọ́n ti gbá àkọ́kọ́, ó parí ní 0-0. Pápá Ahmadu Bello ní Kàdúná ni wọ́n gbé ìkejì lọ.

Ẹ wo irú ibi tí Kàdúná jẹ́. Pápá kékeré ni, nǹkan bí 16,000 ènìyàn ni ó gbà. Yorùbá pọ̀ ní ìlú náà, Ìgbò pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ ìjọba, òwò àti ilé iṣẹ́ aṣọ ni ó kó wọn dé ibẹ̀. Kò sí onílé nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó pariwo fún Ìbàdàn ní ọjọ́ yẹn àti ẹni tí ó pariwo fún Enúgù yóò jọ padà sí àdúgbò kan náà ní ìrọ̀lẹ́, àfàìmọ̀ kí wọ́n má jọ yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ ara wọn. Nínú gbogbo pápá tí a ti dárúkọ, kò sí èyí tí ó ṣòro fún òǹwòran tó bẹ́ẹ̀. Ní Enúgù, ohùn kan ni ariwo ń bá jáde. Ní Kàdúná, ohùn méjì ni, àwọn tí ó ni ohùn náà sì mọ ara wọn. Eré yẹn náà parí ní 0-0. Ó di pẹnáritì. Emmanuel Okala, aṣọ́lé Rangers, ọkùnrin tí ó ga bí ìrókò, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Rangers borí 4-2. Wọ́n sì lọ gba ife náà lọ́wọ́ Canon Yaoundé, 4-1 àti 1-1.

Ó dun àwọn ará Ìbàdàn dé egungun, ó sì ń dun àwọn àgbà ibẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 1980, Súrùlérè kan náà tí kò gbe Rangers ní 1975 kún fọ́fọ́, Nàìjíríà sì na Algeria 3-0 láti gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Segun Odegbami ti Shooting Stars gbá méjì wọlé, Muda Lawal ti Shooting Stars gbá ẹyọ kan. Christian Chukwu ti Rangers, ẹni tí wọ́n ń pè ní ‘Chairman’, tí ó sì jáde láyé ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ni balógun tí ó gba ife náà. Ní ọjọ́ yẹn, ariwo Súrùlérè lójú kan tí ó kọ sí.

Ní ti Rangers, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wá ife líìgì tì lẹ́yìn 1984. Ní 2016, ní Enúgù, wọ́n na El-Kanemi ti Máídúgùrì 4-0, wọ́n sì gbà á. Àwọn àgbà tí ó ti wà níbẹ̀ ní 1974 sunkún ní gbangba, kò sì sí ẹni tí ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2018, Asaba ni wọ́n ti gbá àṣekágbá ife Federation pẹ̀lú Kano Pillars. Lórí ìwé, pápá náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni; ṣùgbọ́n láti Onitsha, afárá odò Ọya nìkan ni ènìyàn yóò là kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Pillars ti gbá mẹ́ta wọlé, Rangers kò ní ẹyọ kan. Kí eré tó parí, wọ́n ti dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, wọ́n sì fi pẹnáritì borí. Awka ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò ní 2023 nígbà tí wọ́n ń tún pápá Enúgù ṣe? Ilẹ̀ Ìgbò ni, ọ̀nà rẹ̀ kò sì jìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ogui kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Awka, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ a sì máa pa ariwo ju òjò lọ. Nígbà tí wọ́n tún gba ife líìgì ní 2024, Enúgù ni ayọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.

Ó ku ti Yorùbá tí ń gbé ibẹ̀. Láti 2021 tí Shooting Stars ti padà sí líìgì àgbà, wọ́n ti tún ń wá sí Enúgù. Ẹni tí ó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìwó ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí ó ti ní ṣọ́ọ̀bù àti àwọn oníbàárà ní Enúgù, mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ó sì mọ̀ pé àárín àwọn oníbàárà rẹ̀ ni òun yóò jókòó sí. Àwọn kan a máa kó ara wọn jọ sí igun kan, a máa kọrin Ìbàdàn, ṣùgbọ́n wọn a máa wo ẹ̀yìn. Àwọn kan a jókòó láàárín èrò, wọn a ká apá mọ́ra, bí Shooting Stars bá sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ẹsẹ̀ wọn nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n lára, nínú bàtà. Èyí tí ó le jù ni ti ẹni tí ó mú ọmọ rẹ̀ dání. Enúgù ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ó ń sọ Ìgbò bí ẹni mu omi, Rangers ni ẹgbẹ́ tirẹ̀. Baba dákẹ́, ọmọ ń pariwo. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn bá dún, wọn a jọ rìn gba Ogui padà, wọn a sì ra ọ̀kpá gbígbóná lọ́wọ́ obìnrin tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tí yóò kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè pé ta ni ó borí.