Odò Alsek fẹ́ yà kúrò ní Dry Bay: Ohun tí yìnyín tó ń yọ́ ń ṣe sí ìrìn àjò orí omi ní Alaska

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2025, erékùṣù tuntun kan yọ ní Alaska. Òkè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Prow Knob ni. Glacier Alsek ló fara tì í tẹ́lẹ̀, àmọ́ yìnyín náà ti sún sẹ́yìn, omi Adágún Alsek sì ti yí òkè náà ká pátápátá. Àwòrán sátẹ́láìtì tí àjọ NASA gbé jáde ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà.

Kò sílé, kò sọ́nà níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó ń fi ọkọ̀ rọ́bà gba ibẹ̀ kọjá lọ́dọọdún mọ Adágún Alsek dáadáa, torí òun ni wọ́n ń bá pàdé kí wọ́n tó dé etí òkun.

Irú ìrìn àjò wo ni?

Dalton Post ní agbègbè Yukon, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n ti máa ń gbé ọkọ̀ sínú odò Tatshenshini. Odò yìí á gba British Columbia, á lọ pàdé odò Alsek, àwọn méjèèjì á wá jọ wọ Alaska, wọ́n á sì já sókun ní Dry Bay. Ọ̀nà náà tó kìlómítà 225, ó sì máa ń gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí títì, kò sí ọjà lójú ọ̀nà. Oúnjẹ, àgọ́ àti ohun ìdáná ni wọ́n ń dì mọ́nú ọkọ̀. Ní Dry Bay, ọkọ̀ òfuurufú kékeré ló ń wá kó wọn.

Ẹni tí kò tukọ̀ rí lè bá àwọn atọ́nà lọ. Atọ́nà ló ń jókòó sídìí àjẹ̀, òun ló sì mọ ibi tí òkúta wà lábẹ́ omi. Iṣẹ́ èrò ni kó di okùn mú, kó sì wọ aṣọ tí omi ò lè ráyè wọ̀. Omi tí kò tíì pẹ́ tó yọ́ lára yìnyín kò ṣeé bá ṣeré: ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni tó bá já sínú rẹ̀ kú tipiri.

Yìnyín ló ń darí odò

Glacier ni yìnyín tó ti ń gbára jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, tó nípọn débi pé ìwúwo ara rẹ̀ ń fà á wá sísàlẹ̀ òkè díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ó ń lọ àpáta abẹ́ rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, èyí ló sì ń sọ omi odò di aláwọ̀ eérú. Níbi tí omi bá ti pa rọ́rọ́, èèyàn á máa gbọ́ “ṣíì” lábẹ́ ọkọ̀ láìdákẹ́: lẹ́búlẹ́bú òkúta ló ń ha ara rọ́bà. Bí wọ́n bá fẹ́ mu omi náà, wọ́n á kọ́kọ́ pọn ọ́n sínú korobá kó lè tòrò.

Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, yìnyín á yọ́ sí i, odò á sì kún láìjẹ́ pé òjò rọ̀. Ìdí nìyẹn tí atọ́nà fi ń fa ọkọ̀ jìnnà sókè kó tó so ó mọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Yìnyín tún máa ń dí odò pa. Láyé àtijọ́, Glacier Lowell dí odò Alsek, omi sì gbára jọ di adágún ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó ya, láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àkúnya náà gbá abúlé àwọn ẹ̀yà Tlingit kan lọ níbi tí odò Tatshenshini àti Alsek ti pàdé.

Ta ló ń bójú tó agbègbè náà?

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n wa bàbà ní òkè Windy Craggy, tó wà lágbègbè odò náà. Ìjọba British Columbia ló dá a dúró, tó sì sọ ilẹ̀ náà di ọgbà ìtọ́jú lọ́dún 1993, àjọ UNESCO sì fi í kún ogún àgbáyé lọ́dún 1994. Àwọn onílẹ̀, ìyẹn Champagne and Aishihik First Nations, ń bá ìjọba bójú tó o. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Kódà ìgbẹ́ ara wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ dì í padà. Torí béárì, wọn kì í dáná nítòsí àgọ́.

Kí ló ń bọ̀?

Àpáta yìnyín ló kún Adágún Alsek, wọ́n sì lè dojú dé lójijì. Kí àwọn atukọ̀ tó wọ̀ ọ́, wọ́n á kọ́kọ́ gun orí ilẹ̀ lọ wo ibi tí ọ̀nà ti là. Lọ́dún 1984, adágún náà fẹ̀ tó kìlómítà 45 níbùú lóròó. Ó ti tó 75 báyìí.

Lápá kejì, Glacier Grand Plateau ló pààlà sáàárín Adágún Alsek àti adágún mìíràn tó rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021 sọ pé bí yìnyín yẹn bá sún sẹ́yìn tó, bóyá láàárín ẹ̀wádún mélòó kan, omi Alsek á gba ọ̀nà tuntun tó yá jù lọ sókun, á sì pa Dry Bay tì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ nìyí. Òfin gba àwọn apẹja láyè láti pa ẹja sálímọ́ọ̀nù tà ní Dry Bay, ibẹ̀ sì ni pápá ọkọ̀ òfuurufú wà. Ẹnu odò tuntun náà á bọ́ sáàárín ọgbà ìjọba, níbi tí òfin ò ti fàyè gba irú òwò bẹ́ẹ̀. Ẹja á tẹ̀ lé omi lọ. Ìwé àṣẹ àwọn apẹja kò ní lè tẹ̀ lé e.