Kí A Tó Yan Ilé-Ìwé fún Ọmọ Wa: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹgbẹ́ Òkùnkùn àti Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìta

Bí ọmọ bá ti ń múra láti jáde ìwé mẹ́fà, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń gbé tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìsìn: "Pásítọ̀, ilé-ìwé wo ni kí a fi ọmọ yìí sí?" Ní ìgbà kan, ohun tí ó wà lọ́kàn wọn kò ju bí wọ́n ṣe ń yege sí nínú ìdánwò WAEC àti iye owó tí wọ́n ń gbà. Lóde òní, ìbéèrè mìíràn ti wọ̀ ọ́, wọn a sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó béèrè rẹ̀: "Ṣé kò sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀?"

A kò ní sọ pé kí ẹ má bẹ̀rù. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ohun tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bí ìbẹ̀rù náà yóò ṣe di ọgbọ́n, tí kò fi ní di ariwo lásán.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI ṢẸ̀ WÁ

Ní ọdún 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn, tí a ń pè ní University College nígbà náà. Pyrates ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ète wọn kì í ṣe láti pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ìyapa wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹgbẹ́ ń bí ẹgbẹ́, ìbínú sì ń bí ìbínú, títí àwọn mìíràn fi gbé àáké àti ìbọn. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, George Iwilade, wà lára wọn.

Omi tí ó ṣàn láti orí òkè kì í dúró lórí òkè. Ó ti ṣàn dé ilé-ìwé girama, ó sì ti dé àdúgbò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, àwọn ará Agége àti agbègbè rẹ̀ kò lè sùn. Wọ́n ń dáná sun táyà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi òru ṣọ́dẹ, nítorí ìró pé àwọn ọmọ Awawa àti àwọn One Million Boys ń bọ̀. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹnìkan ni wọ́n.

Ìjọba pẹ̀lú rí i. Ní ọdún 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí òfin tuntun ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn yóò ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ẹni tí ó bá ràn wọ́n lọ́wọ́, ọdún 15 ni tirẹ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin a máa dé lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀. Iṣẹ́ òbí ni kí ó ṣáájú òfin.

ÀṢÌṢE LỌ́Ọ̀TÌ

Nígbà tí Ábúráhámù ní kí Lọ́ọ̀tì yan ilẹ̀ tí ó wù ú, Lọ́ọ̀tì gbé ojú sókè, ó rí omi, ó rí ilẹ̀ tútù, ó sì yan ibẹ̀. Kò béèrè irú àwọn tí yóò jẹ́ aládùúgbò àwọn ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń yan ilé-ìwé. A rí ilé alájà mẹ́ta, a rí kọ̀ǹpútà, a rí bọ́ọ̀sì aláwọ̀ yẹ́lò, a sì sáré san owó. Ilé dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ọmọ wa yóò bá jókòó, tí yóò bá jẹun, tí yóò bá rìn délé ńkọ́? Àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn, yóò jẹ ìgbẹ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A WÒ

1. Ẹ lọ ní àkókò tí wọ́n ń jáde. Ọjọ́ tí ilé-ìwé bá pe àwọn òbí wá wo ilé, gbogbo nǹkan ni yóò ti mọ́. Ẹ padà lọ ní ọjọ́ mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ dúró ní òdì kejì títì nígbà tí agogo bá lù. Ta ni ó ń dúró de àwọn ọmọ lẹ́nu géètì? Ṣé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀ lórí ọ̀kadà? Kí ni wọ́n kọ sára ògiri ẹ̀yìn ilé-ìwé àti ilé-ìgbẹ́?

2. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí kò ní èrè níbẹ̀. Ìyá alákàrà tí ó wà níwájú ilé-ìwé, ọ̀gá tí ó ń lẹ táyà, olùṣọ́ géètì, gbogbo wọn ni wọ́n mọ ohun tí ìwé ìpolówó kò lè sọ.

3. Ẹ bi pírínsípà léèrè ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí àwọn ọmọ jà kẹ́yìn. Bí ó bá yára dáhùn pé, "Kò sí irú rẹ̀ níbí rárá," ẹ fi ara balẹ̀. Bí ó bá sọ pé, "Ó ṣẹlẹ̀, báyìí ni a ṣe pe àwọn òbí, báyìí ni a ṣe yanjú rẹ̀," ẹni tí ó ń ṣọ́ agbo rẹ̀ nìyẹn.

4. Ẹ wádìí bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ tuntun sí kíláàsì àgbà. Àwọn ilé-ìwé kan wà tí ọmọ láti ibi gbogbo ń ya wọ̀ nígbà tí WAEC bá kù díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá wọn ṣe màgòmágó ìdánwò. Ilé-ìwé tí kò béèrè ìdí tí ọmọ fi kúrò ní ibi tí ó ti wá, kò mọ ẹni tí ó ń gbà wọlé. Ẹ̀yin òbí tí ẹ sì ń wá irú ibẹ̀ fún ọmọ yín nítorí ìwé-ẹ̀rí, ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni ọmọ ẹgbẹ́ ń gbà wọlé.

5. Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé tí ọmọ yóò máa sùn sí, ẹ béèrè àgbàlagbà tí ó ń bá wọn sùn. Ṣé yàrá àwọn ọmọ kékeré yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ àgbà? Ṣé àwọn àgbà ni ó ń na àwọn kékeré? Ibi tí ọmọ kékeré kò bá ti ní olùgbèjà, ẹgbẹ́ ni yóò wá ṣe olùgbèjà rẹ̀, owó ìgbèjà náà a sì wọ́n.

OJÚ Ọ̀NÀ ŃKỌ́?

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí ilé-ìwé bá ti dára, ó parí. Ẹ rántí Dámilọ́lá Taylor. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000 ni ó bá ìyá rẹ̀ kúrò ní Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí kí wọ́n lè rí ìtọ́jú fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wárápá ń yọ lẹ́nu. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún náà, ó ń ti ilé-ìkàwé bọ̀ wálé ní Peckham nígbà tí wọ́n fi àfọ́kù ìgò gún un ní itan, ó sì kú. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ó pé ọmọ ọdún 11. Ọdún 2006 ni ilé-ẹjọ́ tó dá ọmọkùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, lẹ́bi. Nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, àwọn náà kò ju ọmọ ọdún 12 àti 13 lọ.

Kì í ṣe inú ilé-ìwé ni ó kú sí. Ojú ọ̀nà ni. Nítorí náà, kí ẹ tó yan ilé-ìwé, ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara yín rin ọ̀nà náà, ní àkókò gan-an tí ọmọ yóò máa rìn ín.

Àwọn ará wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni ìwé yíyan ilé-ìwé girama ń parí, pé ní Lọ́ńdọ̀nù ènìyàn lè kọ orúkọ ilé-ìwé mẹ́fà, àti pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni ó ń wo bí ilé ọmọ ṣe súnmọ́ wọn tó. Ní Amẹ́ríkà, àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ni ó sábà máa ń pinnu ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ. Ẹ tètè wádìí. Ẹ má sì ṣe fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn purọ́, nítorí ojú ọmọ ni ẹ ó ti ṣe é.

Ohun kan ṣe wá ní kàyéfì. Àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń rán ọmọ wọn wá sí Nàìjíríà nítorí ẹgbẹ́ ọmọ ìta, àwọn kan ní Èkó sì ń ta ilẹ̀ láti rán tiwọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ọkọ̀ òfuurufú kan ń gbé ọmọ bọ̀, òmíràn ń gbé ọmọ lọ. Ibi tí a bá kó ọmọ lọ wúlò, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ ẹni tí yóò máa bá ọmọ sọ̀rọ̀.

ÒBÍ TÍ KÒ NÍ OWÓ LÁTI YÀN

Ìyá kan lè máa ka ìwé yìí ní Múṣin tàbí ní Àjẹ́gúnlẹ̀ kí ó sì wí pé, "Ilé-ìwé ìjọba tí ó wà nítòsí ni agbára mi ká." Màmá, ọ̀rọ̀ yín ni ó jẹ wá lógún jù. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kì í fi ìbọn bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, tàbí fóònù, tàbí ọ̀rọ̀ bíi, "Ẹnikẹ́ni kò ní lè nà ọ́ mọ́." Ọmọ tí ebi ń pa, tí wọ́n ń fìyà jẹ, tí kò sí ẹni tí ó ń bi í pé báwo ni ọjọ́ òní ṣe rí, òun ni wọ́n ń wá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Wákàtí tí ó léwu jù ni láti ìgbà tí ilé-ìwé bá jáde ní ọ̀sán títí di ìgbà tí ìyá yóò ti ọjà dé ní alẹ́. Ẹ bá àwọn ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àdúgbò sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ yín máa jọ lọ, kí wọ́n sì jọ máa bọ̀. Ìjọ tí ó ní gbọ̀ngàn tí ó ṣófo láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ẹ jẹ́ kí á ṣí i, kí tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì jókòó níbẹ̀, kí àwọn ọmọ máa ṣe iṣẹ́ àmúrelé wọn.

BÍ ÀMÌ BÁ TI Ń YỌ

Bí ọmọ bá ní ohun tí ẹ kò rà fún un, bí ó bá ní ìnagijẹ tí kò fẹ́ kí ẹ gbọ́, bí ọgbẹ́ tí kò lè ṣàlàyé bá wà lára rẹ̀, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù àdúgbò kan, ẹ má ṣe kọ́kọ́ mú pàṣán. Ọmọ tí wọ́n ti fi ikú dẹ́rù bà, pàṣán yín kò tó ohun tí yóò mú un sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé bí ó bá sọ òtítọ́, ilé ṣì jẹ́ ilé fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó ilé-ìwé létí nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu lásán. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ má sì ṣe lọ bẹ ẹgbẹ́ mìíràn pé kí wọ́n gbà yín sílẹ̀. Gbèsè tí kò ní tán ni.

Ẹ̀yin òbí, kí a tó lọ san owó ilé-ìwé ní sáà tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí baba àti ìyá fi ọ̀sán kan sílẹ̀ láti lọ dúró lẹ́nu géètì náà kí wọ́n sì wòye. Kí ẹ sì bi ọmọ fúnra rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Ó ṣeé ṣe kí ó ti mọ ohun tí àwa ń wá kiri.

Kí Olúwa pa àlọ àti ààbọ̀ àwọn ọmọ wa mọ́. Àmín.