Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí ilé-ìwé ṣe ń di ilé ìtura

Ọdún 1915 ni ilé-ìwé Kennedy ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà, ṣílẹ̀kùn. Wọ́n tì í pa ní 1975. Àwọn aládùúgbò ò gbà kí wọ́n wó o. Ní 1997 ó di ilé ìtura: kíláàsì di yàrá ìsùn, tòun ti pátákó ìkọ̀wé lára ògiri, gbọ̀ngàn di ilé sinimá.

Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ nílò àṣẹ: ní ọ̀pọ̀ ìlú, òfin ló ń sọ ohun tí a lè fi ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe. Kí ìjọba ìlú tó yí òfin yẹn padà fún ilẹ̀ kan, wọ́n máa ń pe aráàlú sí ìpàdé láti gbọ́ tẹnu wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìpàdé yẹn ṣeré! Ibẹ̀ la ti ń béèrè: pápá ìṣeré àwọn ọmọ ńkọ́? Yàrá ìpàdé àdúgbò ńkọ́? Ẹ rí i pé ìdáhùn wọnú ìwé àṣẹ àyípadà náà.